Olóhùn Tàbí Onísọ̀: Ta Ni Olùgbọ́ Ń Tẹ̀lé?

Nígbà tí ẹ̀rọ rédíò kọ́kọ́ dé àárín wa, àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é, èyíinì ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn ń bínú ni o, bí ó ń rẹ́rìn-ín ni o, bí ó sì ń pariwo mọ́ àpótí náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ti inú àpótí jáde kò ní dá a lóhùn. Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ yìí kò pa á tì. Wọn a jókòó yí i ká ní ìrọ̀lẹ́, wọn a dá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lóhùn nígbà tí ó bá kí wọn, bí ẹni pé àlejò kan ni ó wọlé tọ̀ wọ́n wá.

Ìfẹ́ tí ó wà láàárín etí àti ohùn yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ó ti di ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ń fi owó ńláńlá dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àpótí tí ó wà nínú pálọ̀ ti di fóònù tí ń gbé inú àpò. Ètò tí à ń dúró dè kí agogo tó lù ti di èyí tí ènìyàn lè gbọ́ ní òru, nínú ọkọ̀ danfo, ní ìdí ààrò tàbí lórí ibùsùn. Pọ́díkáàsì ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kejì ọdún 2004 ni akọ̀ròhìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ben Hammersley, kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròhìn The Guardian. Ó fà á yọ láti ara orúkọ iPod, ẹ̀rọ orin kékeré ìgbà náà, àti láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2005, ilé iṣẹ́ Apple ti fi àyè gba irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú iTunes, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń gbilẹ̀ bí koríko àkókò òjò.

Kí ni ó ń mú kí ènìyàn máa tẹ̀lé ohùn kan fún ọdún mẹ́wàá láìyẹsẹ̀? Ní ọdún 1956, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Donald Horton àti R. Richard Wohl, kọ àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹni tí ń gbọ́ rédíò tàbí tí ń wo tẹlifíṣọ̀n ní ìgbà gbogbo a máa ka olóòtú ètò kún ọ̀rẹ́ ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olóòtú náà kò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ ní ayé rédíò, mélòómélòó ni ti pọ́díkáàsì, tí ohùn ń bọ́ tààrà sínú etí láti inú íàpíìsì, tí olóòtú ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, méjì tàbí mẹ́ta láìsí ìkánjú, tí ó ń sọ nípa ọmọ rẹ̀, nípa àìsàn rẹ̀, nípa ìyá rẹ̀ tí ó kú? Olùgbọ́ a mọ ìgbà tí ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu. A mọ ìgbà tí inú rẹ̀ kò dùn. Ẹlòmíràn wà tí kò mọ tó bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ògiri kan náà.

Àwa kò ní fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ohùn ènìyàn a máa tu ni nínú, ẹni tí ó sì ń dá wà ní ìlú òkèèrè mọ iyì ohùn tí ń bá a jí. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ti rí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sanwó kí olóòtú fi ẹnu ara rẹ̀ polówó ọjà wọn. Olóòtú a sọ pé òun ti lo ibùsùn báyìí, òun ti sùn lórí rẹ̀, ó sì dára. A fún olùgbọ́ ní ọ̀rọ̀ àmì kan tí yóò fi rà á ní ẹ̀dínwó. Ọ̀rọ̀ àmì yẹn náà ni yóò ta oníṣòwò lólobó pé láti ọ̀dọ̀ olóòtú wo ni oníbàárà ti wá. Báyìí ni a ṣe ń wọn ìfẹ́ bí ẹni ń wọn gàrí.

Bí a bá fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, a ní láti ya okùn mẹ́ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé olùgbọ́ a máa rò pé ẹyọ kan ni. Okùn kìíní so ó mọ́ ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀. Okùn kejì so ó mọ́ ètò fúnra rẹ̀, èyíinì ni orúkọ rẹ̀, orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Okùn kẹta so ó mọ́ ìsọ̀ tí ó ti ń rí ètò náà gbà, bí i Apple, Spotify tàbí YouTube. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ka ojú ìwé yìí kò ní jẹ́ kí a ṣàlàyé pẹ́. Wọ́n ti rí aṣòfin tí ó wọlé lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ kan, tí ó sì kó lọ sí ẹgbẹ́ kejì kí sáà tó parí. Ọjọ́ náà ni olúkúlùkù alátìlẹ́yìn ń mọ̀ bóyá ènìyàn ni òun ń tẹ̀lé, tàbí ìlànà, tàbí àsíá lásán.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti dé bá àwọn olùgbọ́ pọ́díkáàsì lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 2014, àwọn kan dá ilé iṣẹ́ Gimlet sílẹ̀ ní Brooklyn ní ìlú New York, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ó sì sọ ọ́ di olókìkí ni Reply All, tí P.J. Vogt àti Alex Goldman jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ní ọdún 2019, Spotify ra Gimlet. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí àwọn òṣìṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròhìn oúnjẹ kan tí ń jẹ́ Bon Appétit. Kí ìtàn náà tó parí, ẹni tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí ní Gimlet dìde, ó sì sọ ní gbangba pé irú ohun tí wọ́n ń bá àwọn ẹlòmíràn wí kò ṣàì sí nínú ilé tiwọn. Vogt tọrọ àforíjì, ó sì kúrò. Ìtàn náà dúró lójijì sí apá kejì. Àwọn tí ó kù gbìyànjú láti gbé ètò náà ró, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ó kógbá sílé. Lẹ́yìn náà, Vogt dá ètò tuntun tí ń jẹ́ Search Engine sílẹ̀ ní ọdún 2023, Goldman náà sì dá Hyperfixed sílẹ̀ ní ọdún 2024.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí fi yé wa. Orúkọ Reply All wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó rà á, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tú ká, orúkọ náà kò lè dá dúró. Okùn kìíní ni ó yi jù. Ẹ̀wẹ̀, okùn yẹn kan náà ni ó dun àwọn olùgbọ́ jù nígbà tí ẹ̀sùn dé, nítorí pé ẹni tí wọ́n gbà pé àwọn mọ̀ kò jẹ́ mímọ̀ fún wọn tó bí wọ́n ti rò. Ohùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ilé kò hàn sí wọn.

Ní ti okùn kẹta, a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa fi ara balẹ̀ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹnìkan tí ó ni ọjà pọ́díkáàsì. Olóòtú a gbé ohùn rẹ̀ sí ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì ṣe ìwé àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní RSS, tí ó ń kéde pé ètò tuntun ti dé, ibi báyìí ni ẹ ti lè gbà á. Dave Winer, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àti Adam Curry, tí ó ti jẹ́ olóòtú lórí tẹlifíṣọ̀n MTV rí, wà lára àwọn tí wọ́n la ọ̀nà náà. Áàpù yòówù tí olùgbọ́ bá ní lè ka ìwé àkójọ yìí láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ọjà tí ọ̀nà mẹ́wàá wọ̀, tí kò sì sí onígbèéwọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kankan.

Èrè ètò yìí hàn nígbà tí àwọn onísọ̀ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, áàpù tí ń jẹ́ Stitcher ti ìlẹ̀kùn. Ní ọdún 2024, Google Podcasts, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018, kógbá wọlé pẹ̀lú gbogbo agbára ilé iṣẹ́ tí ó ni ín. Ṣé àwọn olùgbọ́ pàdánù àwọn ètò wọn? Rárá. Ẹni tí ó bá ti kó orúkọ àwọn ètò rẹ̀ jọ a gbé àkójọ náà lọ sí áàpù mìíràn, ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì tún máa wọ etí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìsọ̀ wó, ṣùgbọ́n ọjà kò tú.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti Roman Mars, tí ń ṣe ètò 99% Invisible lórí iṣẹ́ ọnà ilé kíkọ́ àti àwọn ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í kíyè sí. Ní ọdún 2012, ó bẹ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ fún $42,000 kí ètò náà lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n dá owó tí ó lé ní $170,000. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wọn. Ní ọdún 2021, Stitcher, tí ó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ SiriusXM, ra ilé iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n dáwó ní ọdún 2012 kò ní ìpín nínú òwò náà, nítorí pé ẹ̀bùn ni wọ́n fi owó wọn ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí áàpù Stitcher kú ní ọdún 2023, ètò náà kò bá a kú, nítorí pé ọ̀nà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ǹjẹ́ bí ọlọ́rọ̀ kan bá fẹ́ mọ odi yí apá kan ọjà ká ńkọ́? Èyí ni Spotify gbìyànjú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n kéde pé àwọn ti bá Joe Rogan ṣe àdéhùn, ọkùnrin tí ó ti ń ṣe ètò The Joe Rogan Experience láti ọdún 2009, tí òkìkí rẹ̀ sì ti kan káàkiri Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ètò tuntun láti ẹnu rẹ̀ ní láti lọ sí ọ̀dọ̀ Spotify. Ìwé ìròhìn Wall Street Journal sọ nígbà náà pé owó àdéhùn náà lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún 2022, New York Times sọ pé ó kéré tán, ó tó 200 mílíọ̀nù. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ rà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, tábìlì kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Etí àwọn olùgbọ́ ni wọ́n rà, wọ́n sì san owó rẹ̀ fún olóhùn. Olùgbọ́ tí ó ni etí kò gba kọ́bọ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀ràn fi dé. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 2021, Rogan gba oníṣègùn kan lálejò, Robert Malone, ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ lórí àjẹsára kòrónà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò fara mọ́. Àwọn oníṣègùn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ tí iye wọn lé ní 200 kọ ìwé gbangba sí Spotify pé kí wọ́n ṣe ìlànà kan lórí irọ́ tí ó lè pa ènìyàn lára. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, olórin Neil Young ní kí wọ́n kó orin òun kúrò níbẹ̀ bí wọn kò bá ní ṣe nǹkan kan sí ètò náà. Spotify kó orin rẹ̀ kúrò. Joni Mitchell náà ní kí wọ́n kó tòun. Rogan jáde, ó ní òun yóò gbìyànjú láti máa gbọ́ ti ọ̀tún gbọ́ ti òsì. Spotify sì ní àwọn yóò máa fi ìkìlọ̀ sí ara àwọn ètò tí ó bá sọ̀rọ̀ lórí àrùn náà. Ètò Rogan dúró sí ipò rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n tún àdéhùn náà ṣe, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbà kí ètò náà tún máa jáde ní ọ̀dọ̀ Apple, YouTube àti àwọn ẹlòmíràn. Odi tí wọ́n fi owó mọ, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wó o. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, Neil Young kó orin rẹ̀ padà wá sí Spotify. Kò sọ pé inú òun ti yọ́. Ohun tí ó sọ ni pé ètò tí òun torí rẹ̀ bínú ti wà ní ọ̀dọ̀ àwọn onísọ̀ yòókù pẹ̀lú, òun kò sì lè bínú kúrò nínú gbogbo ọjà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ṣe wá láàánú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Ọjà tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, fún ẹni tí a fẹ́ràn àti ẹni tí a kò fẹ́ràn ni. A kò lè gbára lé onísọ̀ kí ó bá wa ṣe ọgbọ́n tí ó yẹ kí etí tiwa ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni èyí, kí ó rántí ìtàn ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé Rediffusion wá sí Èkó, àpótí tí okùn so mọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí olùgbọ́ kò lè yí sí ibòmíràn. Ní ọdún 1953, Gómìnà John Macpherson lo rédíò ìjọba láti fi bá àwọn olórí ẹgbẹ́ Action Group wí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì lórí ẹ̀rọ kan náà. Wọn kò gbà fún un. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó jẹ́ fún wọn ní ọjọ́ náà ní tòótọ́. Ohun tí ó ti inú ìrora yẹn jáde ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV àti rédíò WNBS tí Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Ẹni tí ó bá ni ìsọ̀ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Ìbáà jẹ́ gómìnà ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ tí olú rẹ̀ wà ní Stockholm, ọ̀ràn kan náà ni.

Àwọn kan yóò sọ pé à ń ṣe ìlara olóòtú. Wọn yóò ní ẹni tí ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun, àti pé owó àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akọ̀ròhìn lè fi oṣù mẹ́fà wádìí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, a kò sì bá wọn jiyàn. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tí ó ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní iye tí ó dára. Ohun tí à ń wí ni pé kí olùgbọ́ mọ̀ pé wọ́n ń tà á mọ́ iṣẹ́ náà, kí ó má sì ṣe fi ojú ìfẹ́ wo ohun tí ó jẹ́ òwò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a ní. Ìkíní, kí olùgbọ́ máa tọ́jú àkójọ àwọn ètò rẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó sì fẹ́ràn ètò tí ó ṣeé gbọ́ níbi púpọ̀ ju èyí tí a há mọ́ ẹ̀yìn odi kan lọ. Ìkejì, bí ohùn kan bá ń ṣe é ní oore, tí agbára rẹ̀ sì ká a, kí ó fi nǹkan tì í lẹ́yìn tààrà. Olóòtú tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ń bọ́ kò ní bẹ̀rù onísọ̀ púpọ̀. Ìkẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: kí ó má ṣe jẹ́ kí ìfẹ́ di ojú rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ohùn kan ṣoṣo ní wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ti ń dá ẹjọ́ ẹnìkan láìmọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a fẹ́ bẹ̀ jù lọ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú yín ní fóònù lọ́wọ́, ohùn tí wọn yóò sì máa tẹ̀lé fún ogún ọdún ti ń wọ etí wọn. Ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ètò kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nínú kíláàsì, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń san owó rẹ̀? Èwo nínú ohun tí ó sọ ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí, èwo ni ó sì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn? Ibo ni a ti lè gbọ́ ti ẹnìkejì? Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń bi ohùn tí ó fẹ́ràn ní irú ìbéèrè yìí yóò mọ bí a ti ń bi ẹni tí ó wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú.

Àwọn baba wa sọ pé asọ̀rọ̀mágbèsì ni àpótí náà, òtítọ́ sì ni nígbà tiwọn, nítorí pé okùn kan ni ó wà, ilé iṣẹ́ kan ni ó sì wà ní ìdí rẹ̀. Lónìí, olùgbọ́ ní èsì kan lọ́wọ́ tí àwọn baba wa kò ní. Ó lè dìde, kí ó kó etí rẹ̀ lọ síbòmíràn. Kí ó máa tọ́jú ẹ̀tọ́ yẹn.